Àdá Ọjà àti Iná Alágbẹ̀dẹ

Àgbẹ̀ olóbì ní Ìkẹ́nnẹ́ a máa ra àdá òkèèrè lọ́jà, bí àwọn baba rẹ̀ ti ra ti Birmingham. Yóò yọ èèkù rẹ̀, yóò sì gbẹ́ òmíràn tí ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ọgbọ́n ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ di dòjé, tí ó tì í bọ iná ààrò, irin náà yóò rọ̀, kò sì ní mú pẹ́ mọ́. Alágbẹ̀dẹ ni ó mọ ìwọ̀n iná àti àkókò omi. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọmọ wa kọ́ṣẹ́ agbẹ̀dẹ, kí ẹwìrì má baà dákẹ́ ní ìlú wa.