Ẹ Má Fa Gbòǹgbò Sóyà Tu

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àgbẹ̀ àti oníṣòwò, àwọn kan nínú yín ń sọ pé kí ẹgbẹ́ máa fi owó àpò rẹ̀ ra ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ irúgbìn sóyà, irú NoduMax tí IITA ṣe n'Íbàdàn, fún gbogbo oko lọ́dọọdún. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ohun tí a ti ní nílẹ̀ ni a ń fi ọwọ́ ara wa pa, tí a tún wá fẹ́ fowó rà.

Kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò sóyà, àrùn kọ́ o. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún sóyà, sóyà náà sì ń fi ṣúgà bọ́ wọn. Láti 1888 ni Beijerinck, ará Họ́láńdì, ti yọ wọ́n sọ́tọ̀ láti inú kókó. Bí sóyà bá gbó, kókó a jẹrà, kòkòrò a padà sínú ilẹ̀ láti dúró de ọdún tó ń bọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbà wọ́n, wọ́n lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Ṣùgbọ́n kí là ń ṣe? A ó fa sóyà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a ó kó o jọ sétí oko, a ó ṣáná sí i. Ilẹ̀ a wà níhòòhò láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò yóò fi dé. Bí oòrùn ọ̀sán bá pa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkè rẹ̀ a máa gbóná kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mélòó ni yóò yè níbẹ̀? Ẹ fi àdá gé e nídìí, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ èèpo àti ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá jẹ díẹ̀ níbẹ̀, kò burú.

Ní ti owó: nígbà tí sóyà bá ń tanná, ẹ wú bíi mẹ́wàá. Ọkọ́ ni kí ẹ fi wà á o, ẹ má fà á, torí kókó a já sílẹ̀. Ẹ fi èékánná la kókó náà. Bí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ ń lọ, oko yẹn kò nílò owó ẹgbẹ́. Bó bá funfun, tàbí tí kókó kò sí rárá, ẹni yẹn ni kí a ràn lọ́wọ́, pàápàá ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò gbin sóyà rí. Irúgbìn TGx tí IITA mú jáde, kòkòrò ilẹ̀ tiwa náà máa ń bá a ṣe.

Ẹ̀yin tí ń ta ìyẹ̀fun yìí, ohun alààyè ni. Ẹ má pàtẹ rẹ̀ sóòrùn, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò. Èyí tó bá ti kú, owó oníbàárà ló gbé.

Kí olúkúlùkù mú gbòǹgbò tirẹ̀ wá sí ìpàdé ìgbà tí sóyà bá ń tanná, kí a jọ là á kí a tó dìbò lórí owó náà.