Ilà Ojú Ti Lọ, Ìdábẹ́ Ṣì Ń Fara Pamọ́

Láyé àtijọ́, ọwọ́ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Olóólà tó ń kọ pélé tàbí gọ̀ǹbọ́ sójú ọmọ, òun náà ló ń dákọ fún ọmọkùnrin, òun náà ló ń dábẹ́ fún ọmọbìnrin. Ìyá àgbà kan á gbé ìkókó lé itan, abẹ kan náà ni, omi ìgbín kan náà ni wọ́n á sì kán sójú egbò. Lónìí, ẹni tó bá rin Ìkẹ́rẹ́ nílẹ̀ Èkìtì já, tó gba Ìsẹ̀ àti Èmùrè kọjá títí dé Ìjàn, agbára káká ni yóò fi rí ọmọ ilé ìwé tó ní ilà lójú. Ti ìdábẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2013 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Èkìtì tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, bíi 72 ni wọ́n ti dábẹ́ fún. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2018, ó kù sí bíi 58. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwọn àgbà nìkan nìyẹn, ìwádìí ti 2018 yìí kan náà rí i pé, jákèjádò Nàìjíríà, bíi 19 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 15 ló ti gba abẹ́ abẹ náà kọjá. Láti 2002 sì ni ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ṣòfin pé kò gbọdọ̀ wáyé mọ́.

Kí ló dé tí ọ̀kan kú, tí èkejì kò kú? Èrò tèmi ni pé ojú ló fà á. Kò sẹ́ni tó ń jókòó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ọmọ ń wo ohun tí àwọn yòókù ń ṣe ni, ó sì ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ṣe é. Àgbà náà kò yàtọ̀. Nígbà tí ọmọ tíṣà tàbí ọmọ kátẹkíìsì kọ́kọ́ gba àárín ọjà kọjá láìní ilà lójú, gbogbo ọjà ló rí i. Wọ́n rí i tó dàgbà, wọ́n rí i tó níyàwó, wọn kò rí ibi kankan tó bá a. Ilé kejì wò ó, ọkàn tiwọn náà balẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó bá jáwọ́ nínú ìdábẹ́, ta ni yóò mọ̀? Abẹ́ aṣọ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ilé kọ̀ọ̀kan wá ń rò pé òun nìkan ni yóò dá yàtọ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ nìyí, nítorí pé nínú ìwádìí 2018 náà, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn obìnrin Nàìjíríà ló ní kí àṣà náà dópin. Ẹrù tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ṣì ń rù, torí pé kò sẹ́ni tó rí ẹnìkejì rẹ̀ tó sọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tí a ń pè ní arúfin. Ìyá ọkọ tó ní kí wọ́n pe olóólà kò ka ara rẹ̀ sí ọ̀daràn. Òfin tó ṣáájú ti ìjọba ní Adó-Èkìtì ló ń pa mọ́. Wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé bí orí ọmọ bá kan ibi tí wọ́n máa ń gé nígbà ìrọbí, ọmọ náà yóò kú, àti pé ọmọbìnrin tí wọn kò dábẹ́ fún yóò ya oníṣekúṣe. Ó gbà pé òun ń gba ọmọ-ọmọ òun là ni. Irọ́ ni, irọ́ tó ń pa ọmọ sì ni. Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jáde ní 2006, lórí obìnrin 28,393 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, fi hàn pé àwọn tí wọ́n gé gan-an ni ọmọ wọn ń kú jù nígbà ìbí: ó fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí wọn kò gé níbi tí gígé ti kéré jù, ó sì tó ìdá 55 níbi tó ti pọ̀ jù. Obìnrin tí wọn kò dábẹ́ fún ń bí ọmọ tó yè láràádọ́ọ̀dún nílùú wa, àmọ́ ìyá ọkọ kò mọ èwo ni wọ́n.

Àwọn kan á ní kí ìjọba ṣáà ti máa ti olóólà mọ́lé. Èmi náà fẹ́ òfin. Òfin àpapọ̀ ti 2015 sọ pé ẹni tó bá ṣe é lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin jura tàbí kó san 200,000 náírà. Àmọ́ ta ni yóò lọ fẹjọ́ sùn? Bíi 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dábẹ́ fún ní Nàìjíríà kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ìkókó kò lè dé àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn tó mọ̀ sì ni àwọn tó gbé e lọ. Ní ti ilà ojú, àwọn mìíràn á ní ogun àti ẹrú ló mú kí wọ́n máa kọlà, pé ìgbà tí ogun tán ni ilà tán. Apá kan òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni wọ́n ń torí ẹ̀ kọ pélé, ẹwà ni, ó sì lọ bí àwọn yòókù ṣe lọ.

Orílẹ̀-èdè Senegal ni mo ti rí ohun tó jọ ìdáhùn. Ní oṣù Keje 1997, àwọn obìnrin abúlé Malicounda Bambara jáde ní gbangba, wọ́n ní àwọn jáwọ́. Ìmáàmù kan tó ń jẹ́ Demba Diawara wá rí i pé abúlé kan kò lè dá a ṣe, nítorí pé abúlé mìíràn ni wọ́n ti ń fẹ́ aya. Ó fẹsẹ̀ rìn láti abúlé kan sí òmíràn láàárín àwọn àna àti ìbátan rẹ̀. Ní oṣù Kejì 1998, abúlé mẹ́tàlá fẹnu kò ní Diabougou. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin ìjọba tó dé. Kò tíì tán níbẹ̀ títí dòní, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ti bọ́ sójú agbo.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, Ìkẹ́rẹ́ ń fẹ́ ọmọ Ìsẹ̀, Èmùrè ń fẹ́ ọmọ Ìjàn. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ìlú kan dá a ṣe. Kí àwọn ọba ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ògògà, Arínjálẹ̀, Elémùrè àti Oníjàn, jọ kéde lọ́jọ́ kan náà pé àwọn jáwọ́, kí àwọn ìyálọ́jà àti àwọn olóólà fúnra wọn wà níwájú. Àwọn kan lè ní ìtìjú ni láti máa sọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin ní gbangba. A kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ti ara ọmọ rẹ̀. Gbólóhùn kan tó, kí ìyá bàbá ọmọ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ lẹ́yìn àdúrà: "Nílé tiwa, a kì í dábẹ́ fún ọmọbìnrin mọ́." Aboyún tó wà lára àwọn tó wá bá wọn jẹ ìrẹsì yóò gbọ́ ọ kó tó bí tirẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í náà yóò sì gbọ́.