Bí Koríko Bá Gba Etíkun

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, láti ọdún 2011 ni koríko òkun tí à ń pè ní sargassum ti ń ya bo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti Èkó náà kò sì yọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹrà, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ní í máa rùn. Ó dùn mí pé nígbà náà, ọ̀pọ̀ wa a ní ọlidé ti bàjẹ́, a ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún fóònù.

Àgbádárìgì ńkọ́? Láti Ìgándò, a ó gba Ìyànà-Ìbà (kí á tètè jí o, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ). Lábẹ́ igi Àgíyà níbẹ̀ ni Freeman àti Townsend ti wàásù ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí wà níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845 ṣì dúró. Ǹjẹ́ ó bójú mu kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni máa kọrin ìyìn láràárọ̀, kó má sì mọ ibi tí ìhìnrere gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń wá omi, ọ̀sà wà nítòsí.

Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá wa háyà bọ́ọ̀sì kan ní oṣù Kẹjọ.