Onílé àti Àlejò ní Ẹ̀pẹ́: Àríkọ́gbọ́n fún Ṣàngótẹ̀dó

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ṣàngótẹ̀dó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn yóò dé Ẹ̀pẹ́, ìlú tí ìtàn rẹ̀ yẹ ní àríkọ́gbọ́n fún gbogbo ìletò etí ọ̀sà.

Ìlú kékeré lábẹ́ Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀pẹ́ jẹ́ nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó, ní oṣù Disẹ́mbà ọdún 1851. Awùjalẹ̀ fún un ní ibùdó níbẹ̀. Òun nìkan kọ́ ni ó sì lọ: àwọn ìjòyè, àwọn jagunjagun àti ará ilé wọn tẹ̀ lé e, òwò epo sì gbilẹ̀ ní ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Kọ́ńsù Campbell ṣe àdéhùn, ó jọ̀wọ́ oyè Èkó, wọ́n sì gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Pálmà. Ní 1862, ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ. Láti ìgbà náà ni Ẹ̀pẹ́ ti di apá méjì, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti oyè sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn.

Apá kan ń wí pé, "Àwa ni a fún yín ní ibi tí ẹ fi orí lé." Apá kejì ń dáhùn pé, "Àwa ni a sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá." Òtítọ́ ń bẹ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ìjòyè wa: ìwé ti 1854 wà láàárín Kòsọ́kọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe láàárín onílé àti àlejò.

Nísinsìnyí, ilẹ̀ Ṣàngótẹ̀dó ń di títà lójoojúmọ́, àlejò sì ń wọlé láti ilẹ̀ Yorùbá gbogbo, láti ilẹ̀ Íbò àti láti ibòmíràn. Àwọn kan ń wí pé bí a bá tú ìtàn ìtẹ̀dó wò, ìjà ni a ó jí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjà tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ni ó ń pẹ́ nílẹ̀, nítorí bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá.

Nítorí náà, àwa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láàyè: ẹni tí ó fi ilẹ̀ lélẹ̀, ẹni tí ó gbà á, ààlà rẹ̀, àti ohun tí ẹnì kìn-ín-ní jẹ ẹnì kejì. Kí onílé àti àlejò jókòó pọ̀ kọ ọ́, kí a kà á ní gbangba, kí a sì fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú mọ ìdí Káyòkáyò àti ìdí ọdún Ẹbí, ìhà yòówù tí wọ́n ti bí i. Orúkọ Ṣàngótẹ̀dó fúnra rẹ̀ jẹ́rìí: ẹni tí ó tẹ̀dó, ibìkan ni ó ti wá.