Kọ́kọ́rọ́ Wà Létí Aṣọ, Ọkọ̀ Ti Gba Ọ̀nà Àjàṣẹ́

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, àmọ́ ó dà bí ẹni pé tìtorí ọkọ̀ jíjí nílẹ̀ Yewa ni wọ́n ṣe pa á. Ìlaròó, Ayétòrò, Ọjà-Ọ̀dàn, Ìmẹ̀kọ, Ìpókíá, ẹ̀yìnkùlé bọ́dà ni gbogbo wọn wà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá jí ní Ìbàdàn ṣì ní ọ̀nà tó jìn láti rìn kó tó kúrò ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n bá jí ní Ìlaròó lóru, kí àkùkọ tó kọ, ó lè ti kọjá Ìdíìrókò, kó ti fi Ìgólò sílẹ̀, kó máa forí lé Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àlọ́. Ìyá kan wà ní Ayétòrò, gàrí ló ń tà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dá àjọ, tó dá èésú, kó tó ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan tó fi ń kó gàrí lọ sí Ìlaròó àti Sángo. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ló máa ń bá a fọ ọkọ̀ láràárọ̀. Ìyá á ju kọ́kọ́rọ́ sí i, á ní, "Bá mi fọ inú rẹ̀ dáadáa o," á sì padà sídìí gàrí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà mú kọ́kọ́rọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀kan ti di méjì. Ìyá kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, Ìyá jí, ó wẹ̀, ó ró aṣọ, ó tú etí aṣọ wò, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ó jáde síta. Yéè! Epo dúdú tó kán sílẹ̀ nìkan ló kù níbi tí ọkọ̀ wà lánàá. Wọ́n sáré gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ni nọ́ńbà ọkọ̀ yín?"

"Ọmọ mi, ó ní ẹẹ́ta kan nínú."

"Nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Búlúù ni. Wọ́n kọ 'Olúwa Ló Ṣe É' sí i lẹ́yìn."

"Ìwé ọkọ̀ dà?"

"Ó wà nínú píjìn-hóòlù."

"Píjìn-hóòlù èwo, Màmá?"

"Ti ọkọ̀ náà ni, ọmọ mi."

Àlọ́ ni o. Àmọ́ kí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín bi ara rẹ̀ léèrè ná: nínú ìbéèrè mẹ́ta tí ọlọ́pàá bi Ìyá yìí, mélòó lòun náà lè dáhùn lórí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tòun? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti sọnù nínú ilé kó tó sọnù ní bọ́dà.

BỌ́DÀ TÌ NÍTORÍ AJÍKỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ẹni kan ṣoṣo ni. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti bọ́dà tó wà láàrin Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin pa. Ohun tó ká ìjọba lára jù ni àwọn adigunjalè àti ajíkọ̀ tó ń ṣọṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n á sì sá wọ Benin lọ bí ẹni wọ yàrá ìyá rẹ̀. Orúkọ kan tó gbòde nígbà náà ni Hamani Tidjani. Ìjọba Nàìjíríà ní òun ni ọ̀gá àwọn tó ń kó ọkọ̀ jíjí kọjá bọ́dà. Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Benin jókòó ìpàdé ní Àgbádárìgì. Nígbà tó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ṣí bọ́dà padà. Orílẹ̀-èdè Mali lọ́wọ́ ti tẹ Tidjani, ó sì dé ọwọ́ ìjọba Nàìjíríà níkẹyìn.

Ọ̀sẹ̀ kan kéré lẹ́nu ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní tòmátò lórí ọkọ̀, tó ń wo bọ́dà tí wọ́n tì gbọn-in, ó mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Ẹni tí kò jí ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ nìyà ń jẹ. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ olè ọkọ̀ kò fi yẹ kó jẹ́ ti olọ́kọ̀ nìkan nílẹ̀ Yewa. Gbogbo ọjà ló kàn.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Kútọnu ni tòkunbọ̀ ti ń ya wọ Nàìjíríà, títí ìjọba fi fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀ bí èèrà, ta ni yóò dá ọ̀kan dúró kó bi í pé ọmọ ta ni ọ́? Bó bá sì ti kọjá tán, wàhálà di méjì. Lóòótọ́, ọmọ Yorùbá ń bẹ ní Kétu, wọ́n ń bẹ ní Àjàṣẹ́, ẹbí kan náà ni. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ yàtọ̀, èdè Faransé sì ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní àgọ́ ọlọ́pàá wọn. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kí ló fẹ́ bá wọn sọ?

KỌ́KỌ́RỌ́ KÌ Í ṢE OHUN ÀJÙSÍLẸ̀

Ojúlówó ààbò kò wọ́n. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ń fọ ọkọ̀ kò nílò kọ́kọ́rọ́. Kí olọ́kọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un, kí kọ́kọ́rọ́ padà sétí aṣọ. Bí mẹkáníìkì bá máa gbé ọkọ̀ sọ́dọ̀ sùn, kó jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀ tí ẹ sì mọ ọ̀gá rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, tí wọ́n tún wá rí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí olọ́kọ̀ má kàn dúpẹ́ kó dákẹ́. Kó pààrọ̀ ihò tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀.

Èkejì, ẹ jáwọ́ nínú "mo kàn fẹ́ yára ra búrẹ́dì ni." Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀nba àkókò tí wọ́n fi ń ka ṣéńjì fún un ti tó olè.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ fún olè. Irin kan wà tí wọ́n fi ń há sítíárìn mọ́lẹ̀, òmíràn wà fún ẹsẹ̀ búrékì. Olè tó bá rí irin yìí láti ojú fèrèsé lè wo ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tí kò lówó irin, kó yọ orí bátìrì lálẹ́. Àwọn réwáyà náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi suwíìṣì ìkọ̀kọ̀ sí ojú wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù epo. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ lè tan o, kò ní rìn jìnnà tí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n suwíìṣì tí kọ́ńdọ́kítọ̀ mọ̀, tí ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ mọ̀, tí alágbo ìdí ọkọ̀ mọ̀, ìyẹn kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ̀kẹrin ni tírákà. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń sọ ọ́ jù báyìí, ó sì dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé yín bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ojú ọ̀run ló ti ń mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ló fi ń ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀. Síìmù ló wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọjá bọ́dà, tí síìmù náà kò sì lè lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì, tírákà yóò ya odi. Nítorí náà, tírákà nílẹ̀ Yewa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí wọ́n ṣe é kó lè pariwo lórí fóònù ní kété tí ọkọ̀ bá ti mira lóru.

Ohun kan tún rèé: bí olè bá yọ ìbọn, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣeé rà. Ẹ̀mí kò ní àlòkù.

ÌWÉ KÌ Í SÙN NÍNÚ ỌKỌ̀

Ojúlówó ìwé ọkọ̀, ilé ló yẹ kó wà. Fọ́tókọ́pì ni kó máa bá ọkọ̀ rìn. Ẹni tó fi ìwé sínú píjìn-hóòlù, ó ti bá olè kọ rìsíìtì sílẹ̀ nìyẹn.

Kí olọ́kọ̀ wá ìwé ọmọ iléèwé kan, kó kọ nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣásí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀. Kó tún fi àmì ìkọ̀kọ̀ kan sábẹ́ ìjókòó, kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ bá a kọ ọ́. Kí wọ́n yà á sínú fóònù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà nílùú mìíràn. Olọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Maruwa, ẹ̀yin náà lọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ìlò nọ́ńbà ṣásí pọ̀. Bí ọkọ̀ bá sọnù, tí ẹ sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá tàbí tí ẹ pe 112, nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi lè dá ọkọ̀ mọ̀ bí wọ́n bá tilẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, tí wọ́n sì pa "Olúwa Ló Ṣe É" rẹ́. Àjọ Interpol ní àkójọ ọkọ̀ jíjí tí ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè púpọ̀ lè wò. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà, kí ni wọ́n fẹ́ kọ sínú rẹ̀ fún un?

Ẹ tún yẹ inṣọ́ránsì yín wò. Thẹ́ẹ̀dì-pátì tó jẹ́ dandan, tó ti di 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní ọdún 2023, kì í san owó ọkọ̀ tí olè gbé. Ohun tí ọkọ̀ yín bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ ti olè, kó béèrè èyí tí olè wà nínú rẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n ka ìwé náà sí òun létí kó tó sanwó.

ẸNI TÓ GBÉPO LÁJÀ

Olè kì í jí ọkọ̀ kó fi ṣe ẹran jẹ. Ẹnìkan ló ń rà á, ẹnìkan ló ń tú u, ẹnìkan ló ń pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀yin páńẹ́lù-bítà, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Abala 427 nínú Criminal Code ti Nàìjíríà ní ẹni tó bá gba ẹrù olè, tó sì mọ̀ pé olè ni wọ́n fi kó o, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọkọ̀, kó ṣọ́ra fún ẹ̀dínwó tó ju agbára ọjà lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1981, nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 ló wà nínú nọ́ńbà ṣásí rẹ̀. Ẹ wò ó ní iwájú dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ tún wò ó lára òpó ilẹ̀kùn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kó sì bá ti ìwé mu. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí ẹ rí i pé wọ́n ti há irin ibẹ̀, ẹ di owó yín padà sétí aṣọ. Ọkọ̀ olè tí ọlọ́pàá bá gbà lọ́wọ́ èèyàn, owó tó fi rà á ti wọgbó nìyẹn, ó sì tún lè di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ìyá tó wà nínú àlọ́ yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kó náírà jọ lórí náírà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ju kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó tà á. Lálẹ́ òní, kí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí jáde lọ wo ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó kọ nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì kó ìwé rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn tó fi ń dè é mọ́lẹ̀, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má fi olè ṣe àlejò yín.