Ìbọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: ta ló yẹ kó gbé e?

Látìgbà tí wọ́n ti pa èèyàn tó tó 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier l'Ọ́wọ̀, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Kẹfà 2022, ìbéèrè kan ò tán lẹ́nu wa: ṣé kí Kristẹni gbé ìbọn ni, àbí kó kàn kúnlẹ̀ gbàdúrà?

Àwọn tó ní ká gbé e máa ń sáré lọ sí Lúùkù 22, níbi tí Jésù ti ní kí ẹni tí kò ní idà lọ rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á parí. Idà méjì péré ni wọ́n rí, ó ní ó tó. Kí ni idà méjì fẹ́ ṣe fún ẹni tó fẹ́ jagun? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Pétérù gé etí ẹnì kan, Jésù bá a wí, ó sì wo etí náà sàn.

Síbẹ̀, mi ò lè wojú ẹni tó sin ọmọ ẹ̀ l'Ọ́wọ̀, kí n ní kó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹni lèèyàn ń yí, kì í ṣe ti ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi fara mọ́ Róòmù 13: ọwọ́ ìjọba ni idà wà. Kí ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2020, máa ṣọ́ géètì lọ́jọ́ ìsìn. Tá a bá kó ìbọn fáwọn ọmọ ìjọ, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí ìjà ipò bá bẹ́ sílẹ̀? (Ẹ má díbọ́n, ó ń ṣẹlẹ̀.)

Tí ìjọba ò bá wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti há sí mi lọ́fun.