Làpálàpá ló ń yúnni

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí lérèfé á ní ọ̀rọ̀ àìsàn ńlá àti àìsàn kékeré ni, pé kéèyàn wo èyí tó tóbi kó tó kan èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ju làpálàpá lọ? Kí ló wá dé tí àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ ohun tí gbogbo ayé mọ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé làpálàpá ń yúnni. Kì í jẹ́ kéèyàn sùn, gbangba ló sì ń hàn. Ẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀, ibi tó bá mú lára, ńṣe nibẹ̀ ń kú. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gún un kí ẹni tó lara má mọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ tó ń wá oògùn kiri, ibi tó ń yún ni yóò máa họ.

Ìsọ̀ àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe ni mo ti rí òwe yìí jù. Ọlọ́kadà á pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti padà dé, ojú rẹ̀ ti le. "Ọ̀gá, páàdì tí ẹ bá mi fi sí i yìí ń ké o. Gbogbo èrò ló ń wò mí." Òótọ́ ló sọ. Bó bá ti fọwọ́ kan bíréèkì báyìí, fíín! Àmọ́ ẹ bi í bóyá táyà ń yí geere lẹ́yìn tó bá ti tú ọwọ́ bíréèkì sílẹ̀. Kò mọ̀. Kò tilẹ̀ wò ó.

Ká tiẹ̀ sọ ti làpálàpá yẹn ná, torí òun náà nídìí. Páàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Dísìkì tí yóò máa gbá mú ti bá páàdì mìíràn ṣiṣẹ́ pẹ́, ó ti nílà, ó ti ní kòtò. Ibi díẹ̀díẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń fara kanra, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn là ń gbọ́ bí igbe. Kí wọ́n tó mọwọ́ ara wọn, ó gba sùúrù: ojú ọ̀nà tó dá, eré tó tó 50 kìlómítà ní wákàtí, ká fa bíréèkì pẹ̀lẹ́ títí eré yóò fi já sí bíi 15, ká tú u sílẹ̀, ká jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ká tún un ṣe tó bíi ìgbà mẹ́wàá. Kéèyàn má fà á já lójijì, kó má sì dúró ṣinṣin lórí bíréèkì tó gbóná, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ojú páàdì á jóná, á máa dán, igbe náà ò sì ní tán mọ́. Ta ni yóò wá ṣe gbogbo èyí ní kùtùkùtù tí èrò pọ̀, tí ẹni tó ni ọ̀kadà sì ń retí owó rẹ̀ lálẹ́? Àfi kó gbé èrò méjì lójú ẹsẹ̀, kó máa sáré.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lẹ́yìn páàdì àti sípíríìnì tí kì í jẹ́ kó mì ni ọmọ iṣẹ́ ti jù nù pẹ̀lú páàdì àtijọ́. Ìyẹn kéré. Bó bá jẹ́ pé irin ń lọ irin gírígírí lẹ ń gbọ́, ìyẹn kúrò ní làpálàpá, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ń lò sí igbe yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ki ìka bọ gírísì tó sì fi kan ojú páàdì. Igbe dákẹ́ lóòótọ́. Bíréèkì náà dákẹ́: ẹni tó gùn ún fà á títí, kò mú. Páàdì tó bá ti mu epo kò ṣeé fọ̀, ká sọ ọ́ nù ni. Èyí tó tún wá burú ni pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti gírísì lásán máa ń mú kí rọ́bà inú kálípà, ilé irin tó di páàdì mú, wú, rọ́bà tó bá sì wú á di písítìn tó ń ti páàdì mú. Bí oògùn làpálàpá ṣe ń bí ẹ̀tẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀tẹ̀ tí mò ń wí ni bíréèkì tó há, tó ń di táyà mú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fà á. Inú kálípà ló sábà ń wà kí páàdì tuntun tó dé. Bí páàdì àtijọ́ ṣe ń jẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni písítìn ń yọ síta láti bá a. Apá tó yọ síta yìí ni eruku, ẹrẹ̀ òjò àti lẹ́búlẹ́bú páàdì ń lẹ̀ mọ́, títí yóò fi dípẹtà. Páàdì tuntun nípọn, wọ́n ní láti ti písítìn padà kó tó wọlé. Ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́, ó ti ti ìdọ̀tí gba àárín rọ́bà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ rọ́bà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ tí a kì í rí: tí a bá fa bíréèkì, á lọ́ díẹ̀, tí a bá tú u, á na ara rẹ̀ padà, á sì fa písítìn sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí kò tó ìnípọn èékánná. Ìwọ̀n bíńtín yẹn ló ń tú táyà sílẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá ti há a, kò sí fífà mọ́.

Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó láti fọ písítìn. Kì í ṣe pẹtiróòlù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń fọ ohun gbogbo nísọ̀; ó ń ba rọ́bà jẹ́.

Ọ̀nà kejì tí bíréèkì ń gbà há wà lókè, nínú agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ bíréèkì. Nígbà tí páàdì ń jẹ tí ọ́ìlì bíréèkì inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń bù kún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti písítìn padà, ọ́ìlì á padà sókè, agolo á kún dẹ́nu, kò ní sí àyè tí ọ́ìlì yóò fẹ̀ sí nígbà tó bá gbóná. Bó ṣe ń gbóná ni bíréèkì ń há sí i. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun lè gba ooru tó 230°C kó tó hó, èyí tó ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́ lè má ju 155°C lọ. Tó bá sì hó, ọwọ́ bíréèkì á kàn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ọlọ́kadà ò ní gbọ́ fíín kankan. Ó lè máa ṣàròyé pé epo ń tètè tán, pé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀, kó sì lọ máa san owó kábúrétọ̀.

Ọ̀kadà Boxer tó pọ̀ jù lójú títì kò ní dísìkì, dúrọ́ọ̀mù àti ṣúù ló ń lò. Tirẹ̀ kò lóró tó bẹ́ẹ̀: nọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá bíréèkì tí wọ́n ti fún dáadáa nítorí ṣúù tó jẹ ni wọn ò rántí tú nígbà tí ṣúù tuntun tó nípọn wọlé. Kí ẹsẹ̀ bíréèkì lọ sílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kó tó mú, ó tán.

Ti dísìkì gba owó iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. "Páàdì ni mo rà, páàdì ni kí ẹ fi sí i, ẹ má tú nǹkan míì fún mi." Mi ò dá ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi tán, owó ọjọ́ ò tó. Ó kàn lè ṣe èyí tí kò gba kọ́bọ̀. Kí ọwọ́ yín tó bọ àpò, ẹ ní kí wọ́n gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fa ọwọ́ bíréèkì kí wọ́n tú u, kí ẹ̀yin fúnra yín wá fọwọ́ yí táyà. Bó bá yípo lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta tí ẹ sì ń gbọ́ ṣẹ̀ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sí wàhálà. Bó bá dúró gbọnin, ẹ má tíì sanwó.